Ibi Ìdúró Ló Ni Àjò: Bí A Ṣe Ń Wá Iná fún Ọkọ̀ Oníná Lójú Ọ̀nà

Bí iná NEPA bá ti lọ ní Kàbà fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ó di ọjọ́ kẹrin tí kò padà, ilé onígbàjámọ̀ tí ó ní jẹnẹrétọ̀ ni ẹsẹ̀ máa ń pọ̀ sí jù lọ ní àdúgbò. Níbẹ̀ ni ẹ óò ti rí pátákó gígùn kan tí a kàn mọ́ ògiri, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tò sí ara rẹ̀ bí ọmú ìyá ẹlẹ́dẹ̀, tí fóònù ogún tàbí ọgbọ̀n so rọ̀ mọ́ ọn, tí olúkúlùkù sì ní pélébé bébà lẹ́yìn tí a kọ orúkọ olóhun sí: Ìyá Bọ́sẹ̀, Tíṣà, Fọkanáísà, Ọmọ Ilé Pupa. Owó ni a ó kọ́kọ́ san. Ẹni tí ó bá kọ́ dé ni yóò kọ́ fi tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ti ẹnì kan bá sì ti kún, ọmọ iṣẹ́ a já a, a fi ti ẹlòmíràn rọ́pò. Bí o bá mú ṣájà ẹlẹ́nu tínrín wá fún fóònù ẹlẹ́nu gbòòrò, a ó ní kí o padà lọ wá èyí tí ó bá a mu. Bí epo bá sì tán nínú jẹnẹrétọ̀ láàrin ọ̀sán, gbogbo ilé a dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ènìyàn a sì máa wo ojú ara wọn.

Ẹ̀yin ará Owé, ẹ̀yin Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, mo kí gbogbo yín lápapọ̀: Òkun o. Mo fi ilé onígbàjámọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ nítorí pé ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, èyí tí í ṣe bí arìnrìn-àjò tí ó gun ọkọ̀ oníná ṣe ń wá ibi tí yóò ti gba iná sínú bátìrì lójú ọ̀nà, àti bí ó ṣe ń lo ibẹ̀ nígbà tí ó bá rí i, lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun létí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé fóònù lọ sí ilé onígbàjámọ̀ rí, tí ó ti sanwó, tí ó ti dúró de ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀, tí ó sì ti bá ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ jálẹ̀ pàdé, ti kọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ náà láìmọ̀. Ìdajì kejì ni pé fóònù kì í gbé ènìyàn rìn. Bí iná fóònù bá tán, olúwa rẹ̀ wà nílé, ó lè bọ́ sínú yàrá kí ó sùn. Ṣùgbọ́n bí iná ọkọ̀ bá tán láàrin Ọbàjànà àti Kàbà lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúrà tí olúwa rẹ̀ ti gbàgbé ni yóò rántí. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn tí ń bi mí pé wíwà ọkọ̀ oníná kò le rárá. Mímọ ibi tí a ó ti dúró ni ó gba ọgbọ́n.

Kí a tó dáná fún àlejò, ó yẹ kí a mọ bí ikùn rẹ̀ ti tóbi tó. Yúníìtì ni a fi ń wọn ikùn ọkọ̀ oníná, yúníìtì kan náà tí a ń fi owó rà sínú mítà ilé wa. Bátìrì ọkọ̀ kékeré lè gba ogójì yúníìtì, ti ọkọ̀ ńlá lè gba ọgọ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ tí ó ń gba ọgọ́ta ṣe àpẹẹrẹ. Lójú ọ̀nà gidi, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tí ó ń fẹ́ sí ènìyàn lójú, yúníìtì kan yóò gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rin kìlómítà márùn-ún tàbí mẹ́fà, èyí tí ó fi hàn pé bí ó bá kún dẹ́nu, yóò rin nǹkan bí 300 kìlómítà kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tẹ́ bákan náà. Orí òkè ni Kàbà wà, ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé ni Lọ́kọ́ja tẹ̀dó sí. Ẹni tí ó bá kúrò ní Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja ń sọ̀kalẹ̀ ju bí ó ti ń gòkè lọ, ọkọ̀ oníná sì ní ìwà kan tí ọkọ̀ elépo kò ní, èyíinì ni pé nígbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, tí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, yíyí tí táyà ń yí a máa dá iná díẹ̀ padà sínú bátìrì. Nítorí náà, nǹkan bí 80 kìlómítà kan náà ni, ṣùgbọ́n àlọ kò ná ọkọ̀ ní iye tí àbọ̀ yóò ná an. Ẹni tí ó bá fi iye iná tí ó ná lọ ṣírò èyí tí yóò ná bọ̀, òkè ni yóò kọ́ ọ ní ìṣírò.

Lẹ́yìn ikùn, ọ̀rọ̀ kan ẹni tí ń bọ́ ni. Oríṣi méjì ni ẹ̀rọ tí ń fún ọkọ̀ ní iná, ìyàtọ̀ wọn kò sì ju ìyàtọ̀ iṣu àti iyán lọ. Iná tí ó ń wá láti orí òpó sínú ilé wa jẹ́ iná tí ń lọ tí ń bọ̀ láìsinmi, bátìrì kò sì lè jẹ irú iná bẹ́ẹ̀. Iná tí ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń gbà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri àti ẹ̀rọ kékeré tí a ń kàn mọ́ ògiri gáréèjì ilé, iṣu ni wọ́n ń gbé fún ọkọ̀. Odó kékeré kan wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tí yóò gún un kí bátìrì tó lè jẹ ẹ́, bí odó náà bá sì ṣe kéré tó ni jíjẹ yóò ṣe pẹ́ tó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri lè fún ọkọ̀ ní yúníìtì méjì tàbí mẹ́ta ní wákàtí kan, tí ó fi jẹ́ pé bátìrì ọgọ́ta yóò gba odidi ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ ara ògiri tí ó lágbára yóò fún un ní méje, iyẹn sì tó láti fi òru kan kún un. Àwọn ẹ̀rọ gíga tí ó dúró bí kọ́bọ́ọ̀dù sí ẹ̀bá títì ní òkè òkun, àwọn ti gún iyán tiwọn sílẹ̀. Odó ńlá wà nínú wọn, wọ́n sì ń gbé iyán fún bátìrì tààrà: èyí tí ó ń fúnni ní àádọ́ta yúníìtì ní wákàtí yóò gbé ọkọ̀ wa láti ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún dé ìdá ọgọ́rin láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú 45; èyí tí ó lágbára tó 150 lè ṣe é ní bí ààbọ̀ wákàtí, bí ọ̀nà ọ̀fun ọkọ̀ náà bá gbà á.

Ohun tí ó ń kó ìtìjú bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ibi ìgbaná ni ẹnu wáyà, gẹ́gẹ́ bí ti ṣájà fóònù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹnu tí wọ́n ń pè ní Type 2 ni wọ́n fi ń jẹ iṣu, CCS2 ni wọ́n fi ń jẹ iyán. Àwọn ará Jàpáánù ní CHAdeMO, èyí tí ó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Nissan Leaf. Àwọn ará Ṣáínà ní GB/T. Ẹnu tí Tesla ṣe, èyí tí a ń pè ní NACS, ni ó sì ń gba ilẹ̀ Amẹ́ríkà báyìí. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ìlú wa ni ọkọ̀ gbogbo ayé ń ya sí. Tòkunbọ̀ ń ti Amẹ́ríkà wá, tuntun ń ti Ṣáínà wá, ti ẹ̀gbọ́n ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ láìwo ẹnu rẹ̀ lè rí iná tí ó mọ́lẹ̀ rokoṣo níwájú rẹ̀ kí ó má lè fún ọkọ̀ rẹ̀ jẹ. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; ìlú ni kí a wò kí a tó ra ẹnu.

Nísinsìnyí, báwo ni a ṣe ń rí ibi ìgbaná? Ilé epo kò ṣòro rí, nítorí pé pátákó rẹ̀ ga, tòun ti iye owó tí a kọ sí i lára. Ibi ìgbaná kì í ga. Ó lè wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ńlá, ní kọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí òtẹ́ẹ̀lì, tàbí lábẹ́ ilé. Nítorí náà inú fóònù ni àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n máa ń wò, lórí àwòrán ilẹ̀ tí a fi àmì sí: PlugShare wà tí ó kárí ayé, Zapmap wà fún Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì ní tiwọn nínú. Ohun mẹ́rin ni a ń wò lábẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan: irú ẹnu tí ó ní, agbára rẹ̀, iye owó yúníìtì kan, àti ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó lò ó kẹ́yìn sọ nípa rẹ̀. Èyí ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ mú. Àwòrán lè ní ẹ̀rọ wà, kí ẹ̀rọ má ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ kan bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà pé òun gba iná níbẹ̀ láìsí wàhálà, a jẹ́ pé ẹnì kan ti ṣáájú wa tọ́ ọbẹ̀ wò. Abéèrè kì í ṣìnà. Ní ayé ìsinsìnyí, ẹni tí ó ka ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ti kọjá fi sílẹ̀ ni abéèrè.

Òfin kan sì wà tí ó ju gbogbo àmì inú fóònù lọ: má ṣe kúrò nílé pẹ̀lú ibi ìdúró kan ṣoṣo. Mọ ibi tí o ń lọ, mọ èkejì tí ó wà níwájú rẹ̀, kí o sì rí i pé iná tí yóò kù nínú ọkọ̀ nígbà tí o bá dé àkọ́kọ́ yóò gbé ọ dé èkejì. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti mọ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Ìlú Ọba ni ó ti di ọ̀rọ̀ gidi fún mi.

Àbúrò mi kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó gbé mi lọ kí àwọn ẹbí wa ní Manchester, ìrìn tí ó tó nǹkan bí 320 kìlómítà. Oṣù Kejìlá ni, òtútù sì ń já ènìyàn jẹ bí ìjàlọ. Bátìrì kún dẹ́nu nígbà tí a fi ilé sílẹ̀, mo sì ti ń rò ó nínú ara mi pé a ó kàn dé ibẹ̀ láìdúró ni, àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òtútù yìí wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wa o.” Òótọ́ ni ó sọ. Bátìrì a máa lọ́ra nínú òtútù gẹ́gẹ́ bí arúgbó tí kò fẹ́ dìde ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ gbóná sì ń jẹ nínú iná kan náà. Nígbà tí a fi dé ilé ìsinmi kan ní ẹ̀bá ọ̀nà M6, èyí tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ìdá mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kù. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀. Ojú èkíní ṣókùnkùn biribiri. Ọkọ̀ méjì ti gba èkejì àti ẹ̀kẹta, àwọn olóhun wọn sì ti wọlé lọ jẹun. Ẹ̀kẹrin tan, ó kí wa káàbọ̀, ó ní kí a fi káàdì kàn án; a fi káàdì kàn án, ó ní kí a dúró; a dúró, ó ní kí a tún fi káàdì kàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àbúrò mi ṣe bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nọ́ńbà fóònù kan wà lára ẹ̀rọ náà. A pè é, orin ni ó ń kọ sí wa létí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ọmọ ènìyàn kan tí a lè bi ní ìbéèrè.

Inú mi ti ń dàrú, ṣùgbọ́n àbúrò mi kàn ká wáyà padà sí àyè rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó sì wà á lọ sí ibòmíràn tí kò jù ogún kìlómítà lọ, tí ó ti fi àmì sí nínú fóònù láti ilé. Ó dín iyára ọkọ̀ kù, ó sì pa ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ gbóná, a wé ara wa mọ́ kóòtù. Ibẹ̀ ni a ti rí iná gbà, a sì mu tíì gbígbóná. Ẹni tí ó ní ibi ìdúró kan ṣoṣo ní àárọ̀ ọjọ́ náà ì bá sùn síbẹ̀.

Bí ẹ bá ti dé ibi tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, lílò rẹ̀ kò le. Ẹ fi ẹ̀yìn tàbí iwájú ọkọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹnu ọkọ̀ yín bá wà, kí wáyà má baà na jù. Ẹ pa ọkọ̀. Ní ibòmíràn a kọ́kọ́ ń fi káàdì báǹkì kan ojú ẹ̀rọ kí a tó fi wáyà bọ ẹnu ọkọ̀. Ní ibòmíràn wáyà ni ó ń ṣáájú. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò sọ fún yín. Wáyà àwọn ẹ̀rọ ńlá wúwo bí ejò òjòlá, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, kí ẹ sì tì í wọlé títí yóò fi dún ṣáká. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ àti ẹ̀rọ yóò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọkọ̀ yóò ti ẹnu mọ́ wáyà, nọ́ńbà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè lójú ẹ̀rọ. Ẹ má kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó rí nọ́ńbà náà. Ọ̀pọ̀ ni ó ti lọ jẹun fún ogójì ìṣẹ́jú, tí ó padà wá bá ọkọ̀ tí kò jẹ ohunkóhun.

Nígbà tí iná bá sì ti dé ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ já a kí ẹ máa lọ. Ẹ ti rí bọ́ọ̀sì tí ń kó èrò ní gáréèjì Kàbà: nígbà tí ó ṣófo, kíá ni èrò ń wọlé tí wọ́n ń jókòó, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ku èrò méjì, àwọn tí ó ti jókòó yóò sún, wọn yóò gbé ẹrù lé itan, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yóò ṣẹ́ ẹsẹ̀ kò, àwọn méjì náà yóò sì gba àkókò ju àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná ṣe ń wọ bátìrì. Ìdá ogún ìkẹyìn lè gba àkókò tó èyí tí gbogbo ìyókù gbà, nítorí pé ọkọ̀ yóò dín ọ̀fun rẹ̀ kù kí bátìrì má baà gbóná jù. Ìdúró kúkúrú méjì sàn ju ìdúró gígùn kan lọ. Ìwà ọmọlúàbí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti yó tí kò kúrò ń fi ebi pa ẹni tí ó wà lẹ́yìn, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn a sì máa bu owó ìtanràn lé irú ẹni bẹ́ẹ̀. A kì í já wáyà ẹlẹ́ni láìgba àṣẹ, a kì í sì í gbé ọkọ̀ elépo dí ojú ẹ̀rọ.

Àwọn ìjọba tí ó ti ṣáájú nínú ọ̀ràn yìí ti rí i pé ẹ̀rọ pípọ̀ nìkan kò tó. Ní ọdún 2012 ni Tesla bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀rọ ìgbaná ayára tirẹ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ya bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là sọ́tọ̀ kí ibi ìgbaná lè wà ní gbogbo àádọ́ta máìlì lójú àwọn ọ̀nà ńlá. Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 2023 pàṣẹ pé kí a máa kọ iye owó yúníìtì kan sí gbangba, kí ẹ̀rọ ńláńlá máa gba káàdì báǹkì lásán, kí àwọn ẹ̀rọ ayára sì máa ṣiṣẹ́ ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò láàrin ọdún. Ìrìn tèmi àti àbúrò mi ti ṣáájú ìgbà tí òfin náà múlẹ̀ tán.

Ní ilẹ̀ tiwa, a ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni a fi Hyundai Kona oníná tí wọ́n tò ní Nàìjíríà han gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ tó yúníìtì 64, tí wọ́n sì sọ pé yóò rin 482 kìlómítà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, àjọ NADDC tí ó ń rí sí ọ̀ràn ọkọ̀ ṣíṣe ṣí ibi ìgbaná tí ó ń lo oòrùn ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó. Yunifásítì Èkó náà sì rí irú rẹ̀ gbà. Ní Màídúgùrí, Mustapha Gajibo ti yọ ẹ́ńjìnnì elépo kúrò nínú bọ́ọ̀sì kéékèèké, ó sì fi bátìrì rọ́pò. Ní Kùtọnú àti Lómè, àwọn ọlọ́kadà tí ó ń lo ọkadà oníná kì í dúró de iná rárá: wọn a ya sí ibi kan, wọn a yọ bátìrì tí ó ti tán, wọn a gbé èyí tí ó kún sí i, wọn a sì máa lọ kí ẹni tí ó ra búrẹ́dì tó gba ṣéńjì. Àṣà náà ti wọ Abẹ́òkúta.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ oníná láti Èkó wá sílé ní Kàbà láti ṣe ọdún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò la ibi ìgbaná sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ọ̀nà náà, bí a bá gba Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́, lé ní 400 kìlómítà dáadáa, ọkọ̀ wa tí ó ní ọgọ́ta yúníìtì kò lè bù ú tán ní ìjókòó kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Yóò dé Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ogún yúníìtì nínú. Bí ó bá sùn síbẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n jẹ́ kí ó lo sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí a ń fi ẹ̀rọ amúlétutù sí, wákàtí mẹ́wàá yóò fún un ní bí ọgbọ̀n sí i. Àádọ́ta náà lè fi ẹsẹ̀ wọ́ dé Kàbà, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹsẹ̀ wíwọ́ rin ọ̀nà òkè Ìkàrẹ́; ẹni tí ó gbọ́n yóò ti bá ará kan ní Ìkàrẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, yóò dúró jẹ iyán níbẹ̀, ọkọ̀ náà yóò sì jẹ tirẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta.

Kí a tó gbéra, fóònù ni a ó fi bi onílé ní ìbéèrè wọ̀nyí. Wákàtí mélòó ni iná yín ń dúró lóòjọ́? Aago mélòó ni ẹ ń pa jẹnẹrétọ̀ lóru? Ǹjẹ́ a lè gbé ọkọ̀ sún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wáyà má baà gba inú òjò kọjá? Ṣé wáyà ilẹ̀ wà nínú ilé náà? Èyí ìkẹyìn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná yóò kọ iná ilé tí kò ní wáyà ilẹ̀ bí ọmọ tí ó kọ oògùn, ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kéékèèké kò sì ní in. Ẹ má fi wáyà ìsopọ̀ tín-ín-rín tí a fi ń lo fáànù ṣe é. Lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí, ẹ fi ọwọ́ kan orí pọ́lọ́ọ̀gì, bí ó bá gbóná tí ọwọ́ kò gbà á, ẹ yọ ọ́. Ní ti owó, kí ìjà má baà wà, ẹ ka mítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un kà nígbà tí ẹ bá parí, kí ẹ sì ra yúníìtì náà padà sínú mítà onílé pẹ̀lú èlé díẹ̀ fún inú rere rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń dúró pẹ́ jù lóòjọ́, lọ sókè, 225 náírà ni yúníìtì kan dà. Ọgbọ̀n yúníìtì jẹ́ 6,750 náírà ní ìwọ̀n ìgbà náà.

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣebí jẹnẹrétọ̀ wà. Ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi jẹnẹrétọ̀ elépo bọ́ ọkọ̀ oníná kò tíì fi epo sílẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni ó gbé e pamọ́ sí. Oòrùn ni ó yẹ wá jù. Pálí sólà mẹ́jọ lórí òrùlé ní Kàbà, ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, lè kó nǹkan bí yúníìtì méjìlá jọ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn kò dájú pé yóò gbé ọkọ̀ dé Lọ́kọ́ja, ṣùgbọ́n yóò gbé e kọjá Ọbàjànà lórí ọ̀nà oníkankéré kìlómítà 43 tí Dangote ṣe. Ní àkókò ọyẹ́, tí eruku bo pálí, ẹ gbé omi àti aṣọ gun òkè kí ẹ tó ka iye yúníìtì. Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé fífi ilé ẹlòmíràn ṣe ibi ìdúró jẹ́ àbùkù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, nígbà tí Bertha Benz wa ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ṣe láti Mannheim lọ sí Pforzheim ní Jámánì, ìrìn gígùn àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ elépo rìn láyé, kò sí ilé epo kan ní gbogbo ayé. Ilé olóògùn ní ìlú Wiesloch ni ó yà sí tí ó ti ra ohun tí a fi ń fọ àbàwọ́n aṣọ, ó sì dà á sínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa tí wọ́n ru ẹrù láti ilẹ̀ Òkun lọ sí ọjà Lọ́kọ́ja kò fi kìlómítà ka ọ̀nà: ibi tí omi wà, ibi tí igi òjìji wà, ibi tí onílé kan ti máa ń jẹ́ kí wọ́n sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń kà. Ẹni tí ó mọ ibi ìdúró mẹ́ta ti mọ ọ̀nà.

Nígbà tí mo padà sílé láti Ìlú Ọba, mo sọ ìtàn ọ̀nà M6 fún onígbàjámọ̀ wa bí ó ti ń fá irùngbọ̀n mi. Ó gbọ́ ọ títí, ó gbé abẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí pé, “Bàbá, nígbà tí ẹ̀rọ yẹn kọ̀ tí kò gba káàdì, ta ni ó ń ṣọ́ ọ?” Mo ní kò sẹ́ni. Ó wo pátákó ara ògiri rẹ̀, níbi tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń já fóònù Tíṣà tí ó ti kún kí ó lè fi ti Ìyá Bọ́sẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì tún gbé abẹ. “Wọn ì bá fi ẹnì kan síbẹ̀,” ni ó wí, “kódà kó jẹ́ pé irun ló ń gẹ̀.”